Ìṣirò Tí Ó Tú Àṣírí Ẹ̀jẹ̀

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ẹ̀jẹ̀ inú ara wa kò tilẹ̀ mọ sí ogún ọdún. Ó tó 1,400 ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá.

Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì tí ó tọ́jú àwọn ọba Róòmù, ni ó kọ́ aráyé pé inú ẹ̀dọ̀ ni oúnjẹ ti ń di ẹ̀jẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ náà á ṣàn lọ sínú ara, ara á sì mu ún tán bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi òjò. Ẹ̀dọ̀ á tún ṣe òmíràn. Ta ni yóò bá Galen jiyàn? Ohun tí ó bá ti wí, abẹ gé e.

Àfi ìgbà tí William Harvey dé. Ní 1578 ni wọ́n bí i ní Folkestone, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Padua, ní Ítálì, ó sì gboyè ní 1602. Fabricius, olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ti rí i pé àwọn nǹkan kan wà nínú iṣan bí ilẹ̀kùn kéékèèké, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ wọn gan-an. Harvey ló wá rí i pé ọ̀nà ọkàn nìkan ni àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí ń ṣí sí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kọjá kò lè padà sẹ́yìn mọ́.

Lẹ́yìn náà ló mú ìṣirò. Ó ní, ká tilẹ̀ sọ pé ààbọ̀ áúnsì péré ni ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá mí ní 1,000 ìgbà láàárín ààbọ̀ wákàtí, áúnsì 500 nìyẹn! Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ènìyàn kò tó bẹ́ẹ̀. Irú oúnjẹ wo ni ènìyàn fẹ́ jẹ tí ẹ̀dọ̀ yóò fi rí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe? Kò sí. Á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ní 1628 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Frankfurt. Ṣé ẹ mọ̀ pé òtítọ́ korò? Harvey fúnra rẹ̀ sọ fún John Aubrey pé àwọn aláìsàn ń sá fún òun lẹ́yìn ìwé náà. Wọ́n ní orí òun ti yí. Ó kú ní 1657 láì rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kọjá láti iṣan àlọ bọ́ sínú iṣan àbọ̀. Ní 1661 ni Malpighi, ará Ítálì, fi awò rí àwọn iṣan tíntìntín náà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́.

Ó wá ku agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀. Àlùfáà kan, Stephen Hales, ló wọ̀n ọ́n. Ó ki páìpù bọ iṣan ẹsẹ̀ abo ẹṣin kan, ó so ọ̀pá gíláàsì gígùn mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ gòkè nínú ọ̀pá náà tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 3! Ní 1733 ni ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tí ó fi máa di 1846, Poiseuille, dókítà ará Faransé, ti fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìdánwò tirẹ̀ parí. Bí ẹ bá dín fífẹ̀ páìpù kù sí ìdajì, tí agbára tí ẹ fi ń ti omi kò yí padà, ìdajì kọ́ ni yóò máa jáde o. Ìdá kan nínú 16 péré ni!

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi àti ẹ̀yin. Bí iṣan bá fún díẹ̀ péré, wàhálà ọkàn ti di púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń hó bí omi orí iná, kì í sì í ṣe ìbínú. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ló pọ̀ jù, ó sì lè pẹ́ lára ènìyàn láì dun onítọ̀hún rárá, títí yóò fi di àrùn rọpárọsẹ̀.

Ẹṣin Hales kú sí ìdí ìwọ̀n tirẹ̀. Láti 1896 tí Riva-Rocci ti ṣe rọ́bà tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ìwọ̀n tiwa kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ má ṣe sọ pé ara yín le. Ẹ gbọ́ ti dókítà.