Inú Kọ̀ǹpútà Ilé Ni Linux Dàgbà Sí

Ní oṣù Kìíní ọdún 1991, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tó ń kàwé ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, ra kọ̀ǹpútà kan. Owó rẹ̀ kò pé, díẹ̀díẹ̀ ló ń san án. Prósẹ́sọ̀ 386 ti Intel ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ kò sì ju mẹ́gábáìtì 4 lọ. Unix, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tó ń lò ní yunifásítì, ló wù ú láti ní nílé, àmọ́ owó Unix kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Ó ra Minix, èyí tí Andrew Tanenbaum, olùkọ́ kan ní Amsterdam, ṣe láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, ó kéde iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń lo Minix. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀dà 0.01 Linux ti jáde.

Irú kọ̀ǹpútà tí ọmọ ilé-ìwé lè gbé sílé ni wọ́n fi dá Linux sílẹ̀, irú rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi tọ́ ọ dàgbà. Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn tó ń tú kọ̀ǹpútà ara wọn palẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni, tí wọ́n ń yọ ẹ̀dà kan kúrò, tí wọ́n ń gbé òmíràn sí i.

Ohun tí Torvalds kọ kò ju kernel lọ, ìyẹn apá tó ń darí prósẹ́sọ̀, RAM àti àwọn ohun èlò yòókù. Kernel nìkan kò lè ṣe ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láǹfààní kankan. Ọ̀pọ̀ nínú sọ́fítíwià tó kù wà lọ́dọ̀ GNU, iṣẹ́ tí Richard Stallman ti kéde ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1983, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kó wọn jọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹlòmíràn kó o jọ, wọ́n á di gbogbo rẹ̀ sẹ́rù kan. Báyìí ni oríṣiríṣi ẹ̀dà Linux ṣe dé. Ní oṣù Kejì ọdún 1992, Owen Le Blanc gbé MCC Interim Linux jáde ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yẹn kan náà, Peter MacDonald gbé SLS jáde. SLS gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ pọ̀.

Àléébù yẹn ló bí ẹ̀dà méjì tó pẹ́ jù láyé nínú gbogbo wọn. Patrick Volkerding, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Minnesota, ń bá olùkọ́ rẹ̀ gbé SLS sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń tún ohun tí kò dára níbẹ̀ ṣe bó ṣe ń rí i. Àtúnṣe yẹn di Slackware ní oṣù Keje ọdún 1993. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue, kéde Debian. Àwọn méjèèjì ṣì wà títí di òní.

Sùúrù ni gbígbé Linux sórí kọ̀ǹpútà ń fẹ́ nígbà yẹn. Dísíkẹ́ẹ̀tì 24 ni Slackware àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì lè gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé á lọ gbà á ní yunifásítì tàbí ibi iṣẹ́, á kó o wálé, á máa kì í bọ ẹnu kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ nínú wọn, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ló tún ku ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀: olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ìwé tó bá a wá, kó kọ iye ìgbà tó ń yí àwòrán padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sílẹ̀ fún Linux. Ìkìlọ̀ wà pé ẹni tó bá ṣì í kọ lè ba mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Síbẹ̀, èrè wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dán Linux wò lórí ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn kò ní ń rí àṣìṣe tí ẹlòmíràn kò lè rí, ó ń ròyìn rẹ̀, nígbà mìíràn òun gan-an á tún un ṣe. Donald Becker kọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó jẹ́ kí Linux lè bá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1994, òun àti Thomas Sterling so kọ̀ǹpútà 16 pọ̀ ní NASA, prósẹ́sọ̀ 486 tó wà lórí igbá ní ọjà ló wà nínú wọn. Wọ́n fi Linux darí wọn, wọ́n pe àkójọ náà ní Beowulf, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri sì fara wé e.

Ní ọdún 2000, Klaus Knopper ní Jámánì gbé Knoppix jáde. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀dà kan ṣe rí sábà máa ń pín hádì dísìkì rẹ̀ tàbí kó pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Inú síídì ni Knoppix ti ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá yọ síídì náà, kọ̀ǹpútà á padà sí bó ṣe wà. Láti ara Knoppix ni John Andrews ti ṣe Damn Small Linux, tó fi mẹ́gábáìtì 50 ṣe òdiwọ̀n, tó sì lè ṣiṣẹ́ lórí 486 tí RAM rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 16. Ní ọdún 2003, Barry Kauler ní Australia gbé Puppy jáde, èyí tó ń kó gbogbo ara rẹ̀ sínú RAM, tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí hádì dísìkì rẹ̀ ti kú pàápàá ṣì wúlò. Lọ́dún 2004, Mark Shuttleworth ti South Africa dá Ubuntu sílẹ̀. Títí di ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi síídì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, nílẹ̀kílẹ̀. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín náà rí tirẹ̀ gbà.

Ní àwọn ọdún yẹn, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn ẹ̀dà kéékèèké wọ̀nyí wúlò fún, ń rọ́ wọ Èkó. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé jáde ní ọdún 2005 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé kọ̀ńténà 500 ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú wọn kò ṣeé lò. Ọwọ́ àwọn ọ̀jáfáfá ní Computer Village, Ìkẹjà, ni èyí tó ṣeé tún ṣe ń bọ́ sí. Ní Èkó náà ni ilé-iṣẹ́ Leapsoft ti ṣe Wazobia Linux, kí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò lè fi èdè wọn lo kọ̀ǹpútà.

Kò sí ẹ̀rọ tí Linux ń tì lẹ́yìn títí láé. Kernel 3.8, tó jáde ní ọdún 2013, kò gba 386 mọ́. Ubuntu dẹ́kun gbígbé ẹ̀dà jáde fún kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́ oní-32-bit ní ọdún 2017, Debian 13 náà kò sì ṣeé gbé sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Àwọn tó ń dán an wò lórí àwọn ẹ̀rọ náà ti dín kù, àìṣe àyẹ̀wò sì ń jẹ́ kí àṣìṣe fara pamọ́. Ẹ̀dà kékeré tó ń jẹ́ Tiny Core ṣì wà fún ẹni tí kò fẹ́ gbé tirẹ̀ jù nù.

Ẹrù kọ̀ǹpútà mìíràn ti dé báyìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ Windows 11 kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì lágbára. Àwọn ará KDE, ẹgbẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwià ọ̀fẹ́, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo End of 10 nítorí èyí. Wọ́n ń darí àwọn ènìyàn sí àwọn ibi tí olùyọ̀ǹda ara-ẹni ti ń báni tún nǹkan ṣe, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 2009. Ọgbọ́n Knoppix ló wúlò níbẹ̀: wọ́n á fi fláàṣì tan kọ̀ǹpútà náà, wọ́n á wò ó bóyá Wi-Fi, ohùn àti kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó bi ẹni tó ni í léèrè ẹ̀dà tó fẹ́.