Jágúà: Irin Jóná, Ìmọ̀ Kò Jóná

Ní àdúgbò wa ní Akọkà, títí dé Bàríga àti Ṣómólú, bí nǹkan bá rẹwà tó sì gbayì, àwọn èèyàn á ní ó "jágúà". Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ ló mọ̀ pé orúkọ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Nígbà tí Cyprian Ekwensi gbé ìwé rẹ̀, Jagua Nana, jáde ní 1961, orúkọ ọkọ̀ yìí ló fún obìnrin aláfẹ́ ìlú Èkó tí ìtàn náà dá lé lórí. Ìtàn ọkọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ fún wa, pàápàá ti ẹ̀yà rẹ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n.

Ní 1922, ní ìlú Blackpool, William Lyons àti William Walmsley bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àga tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sórí iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì kó lọ sí Coventry ní 1928. Ní 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ pe ọkọ̀ wọn ní Jaguar. Ní 1945, wọ́n fi orúkọ náà pe ilé-iṣẹ́ wọn, nítorí pé SS tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di orúkọ tó ń rán aráyé létí àwọn ọmọ ogun Hitler.

Ìdíje ló sọ Jaguar di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ̀yà D-type gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1955, 1956 àti 1957. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yọwọ́ nínú ìdíje ní ìparí 1956, D-type 25 sì kù nílẹ̀ láìrẹ́ni rà. Lyons ní kí wọ́n sọ wọ́n di ọkọ̀ ojú títì. Wọ́n yọ ohun bíi lẹbẹ ẹja tó wà lẹ́yìn orí awakọ̀ kúrò, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kejì, wọ́n fi gíláàsì gidi síwájú, wọ́n sì pè é ní XKSS. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1957, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ 9 bá a lọ. XKSS 16 péré ló jáde.

Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní 2016, Jaguar kéde pé àwọn yóò ṣe ọkọ̀ 9 tó ṣẹ́kù. Wọ́n tú àwòrán iṣẹ́ àtijọ́ síta, wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọn ara àwọn XKSS tó ṣì wà láyé, wọ́n sì fi ọwọ́ lu páànù ara ọkọ̀ bíi ti àtijọ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ kan yóò gba nǹkan bí 10,000 wákàtí iṣẹ́. Àwọn kan ń bi í pé, ṣé ojúlówó ni? Èrò tèmi ni pé irin ló jóná. Ìmọ̀ kò jóná, nítorí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, W. A. Dawodu, ọmọ Èkó, ti ń ta ọkọ̀, ó sì ń tún un ṣe. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa kò dúró. Mo ti rí pánẹ́ẹ̀lì bítà tó fi òòlù àti igi gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti wó dìde, tí ẹnìkan kò fi mọ ibi tó ti wó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ṣe é kò sí nínú ìwé kankan. Ọmọ iṣẹ́ á wò ó títí yóò fi ṣe fírídọ́ọ̀mù. Èyí tí kò bá rí kọ́, ọ̀gá á gbé e wọ sàréè.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tiwa. Láti 1967 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti wà ní Akọkà. Ní Ṣómólú, ilé ìtẹ̀wé pọ̀ bí iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ jókòó ti àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ ní Yorùbá, kí àwọn atẹ̀wé sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀gá àgbà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ń fi dọ́la, fọ̀túnla, orúkọ jágúà nìkan ni yóò kù lẹ́nu wa.