Super Mario Maker: Ta ló ni ìpele tí ẹni tó ń gbá géèmù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́?

Bí ẹnìkan bá ra ẹ̀rọ géèmù Wii U tòkunbọ̀ lónìí ní Tudu, àdúgbò ọjà àti ibùdókọ̀ ní Accra níbi tí àwọn èrò Aflao ti máa ń wọkọ̀, tó sì bá àwo Super Mario Maker nínú rẹ̀, yóò lè kọ́ ohun tó bá wù ú nínú géèmù náà. Ṣùgbọ́n kò ní lè fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn wà. Nintendo, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Jàpáàn tó ni géèmù náà, ti ti ìlẹ̀kùn yẹn láti ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Kí ni Super Mario Maker?

Láti ọdún 1985 ni Mario, ọkùnrin onírunmú tó dé fìlà pupa, ti ń sáré láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, tó ń fo kòtò, tó sì ń tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀ títí yóò fi dé ìdí òpó àsíá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lórí àwọn ẹ̀rọ ayédèrú tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn. Ìrìn kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí àsíá là ń pè ní ìpele. Orí bébà onílà ni Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ti ya àwọn ìpele àkọ́kọ́.

Fún ọgbọ̀n ọdún, Nintendo nìkan ló ń yà wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n gbé irinṣẹ́ náà lé àwọn tó ń gbá géèmù lọ́wọ́. Èèyàn lè fi kálàmù kékeré to bíríkì, gbẹ́ kòtò, kó ọ̀tá síbi tó bá fẹ́, kó sì fi ohun tó kọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Òfin kan ṣoṣo ló mú kí géèmù yìí dá yàtọ̀: ẹni tó gbẹ́ kòtò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò ó fúnra rẹ̀. Kò sí ìpele tí a lè gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì àyàfi tí ẹni tó kọ́ ọ bá ti gbá a dé òpin. Láìsí òfin yìí, ìkà lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá jẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2016, iye ìpele náà ti lé ní mílíọ̀nù 7. Àwọn tí kò rí ìràwọ̀ tó gbà lọ́wọ́ àwọn tó gbá wọn, Nintendo a máa pa wọ́n rẹ́.

Eré ìje kí ìlẹ̀kùn tó tì

Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2021, Nintendo kò gba ìpele tuntun mọ́. Àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Team 0% ti pinnu ṣáájú ìgbà yẹn pé kò ní sí ìpele kan tí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́ ọ kò ní kọjá. Nígbà tí ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn súnmọ́, nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, ó ku ẹyọ kan: Trimming the Herbs, ìpele tí kò gba ìdajì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣì níbẹ̀ rárá.

Àfi bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe jẹ́wọ́ pé ètò kọ̀ǹpútà lòun fi kọjá rẹ̀ nígbà tí òun gbé e síta ní ọdún 2017, kì í ṣe ọwọ́ òun. Ìpele náà ti rú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Team 0% kéde pé iṣẹ́ àwọn parí. Síbẹ̀ àwọn kan kò jáwọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ẹnìkan fi ọwọ́ lásán gbá a dé òpin. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Nínú oṣù yẹn kan náà ni Sony kéde pé àwọn sáfà LittleBigPlanet 3 tí wọ́n ti pa kò ní padà mọ́. Àwọn tó ń gbá eré yẹn náà ti kọ́ àìmọye ìpele síbẹ̀.

Lórí fóònù ńkọ́?

Géèmù tó súnmọ́ ọn jù lórí fóònù, èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ ní ìlú bí Accra àti Èkó ju Wii U lọ, ni Geometry Dash, tí Robert Topala ọmọ ilẹ̀ Sweden gbé jáde ní ọdún 2013. Òfin kan náà ló wà níbẹ̀: gbá a fúnra rẹ kí o tó pín in. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní irinṣẹ́ ìkọ́lé. Ẹni tó sanwó nìkan ló lè kọ́; àwọn yòókù, gbígbá ni tiwọn.

Àwọn kan ní Accra yan ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń ṣe géèmù tí wọ́n fúnra wọn ni. Ní ọdún 2009, Eyram Tawia ọmọ Ghana àti Wesley Kirinya ọmọ Kenya dá Leti Arts sílẹ̀, tí Ananse, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ Akan, sì wà lára àwọn akọni géèmù wọn.

Kí ló ṣẹ́kù?

Super Mario Maker 2, tó jáde fún ẹ̀rọ Switch ní ọdún 2019, ṣì ń gba ìpele, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ síta gbọ́dọ̀ máa san àsansílẹ̀ owó. Ní ti Wii U, ohun tí èèyàn ti fà sínú ẹ̀rọ rẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tó tì kò lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ẹnìkan rà ní Tudu lè gbé ìpele àwọn àjèjì wá nínú, bí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ kò bá pa wọ́n rẹ́ kó tó tà á.