Ọ̀nà BRT ní Èkó ní 2008 àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS ní Èkó, ìrìn kìlómítà 22. Àwọn tí kò gbà pé yóò ṣeé ṣe ní ìdí: ìjọba ológun ti wọ́gi lé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Metroline tí Jákàńdè bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ dánfó wo ni yóò sì rí ojú ọ̀nà tó ṣófo tí kò ní wọ̀ ọ́?

Àwọn onímọ̀ LAMATA, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 2002, kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dáhùn. Wọn kò gbé ètò Bogotá wá lódidi. Wọ́n dín in kù. Níbi tí ọ̀nà fẹ̀, wọ́n fi ìgànná kúkúrú oníkọnkéré pààlà. Níbi tó há, ọ̀dà ni wọ́n fi sàmì. Pàtàkì jù lọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ni wọ́n fà wọnú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ìbá ta ko ètò di alábàápín nínú rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, níbi tí máíkírà àti bọ́ọ̀sì ti ń fún ara wọn pọ̀ láti Challenge dé Dùgbẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú iye owó ni: kí ni ìpín awakọ̀?