Rán An Níṣẹ́, Kó Jábọ̀

Áàpù tó yẹ kí ọmọ Masífà tó ń kọ́ kóòdù kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni èyí tí yóò máa ṣẹ́ sẹ́fà, owó Côte d'Ivoire, sí náírà. Nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Google ṣètò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ áàpù Android, lára iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni káàdì ọjọ́ ìbí, dáìsì tí a ń jù, àti áàpù tó ń ṣírò owó tí oníbàárà máa fi ta agbáwo lọ́rẹ nílé oúnjẹ. Wọ́n dára, mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Masífà, ní Èjìgbò, títí dé Ìlawó àti Ìfẹ́-Odàn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, owó tí à ń ṣírò ni èyí tó ń ti Abidjan bọ̀. Láti ayé àwọn bàbá wa ni àwọn èèyàn agbègbè yìí ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ máa ń fi Faransé dáni lóhùn bí wọ́n bá wálé ọdún. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Treichville, ní Abidjan, mọ ohun tó fẹ́ kí fóònù bá òun ṣe: kó sọ iye tí 50,000 sẹ́fà máa jẹ́ ní náírà lónìí.

Ẹni tó bá ń kọ́ kóòdù lójoojúmọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ kékeré kan lónìí, òmíràn lọ́la, á máa pàdé ọ̀rọ̀ tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ò ní kọ̀ǹpútà. Orí fóònù kan náà ni wọ́n ti ń kọ kóòdù, lóru, nígbà tí dátà bá rọjú. Kò sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wọn nìkan ni olùkọ́, bí ọ̀rọ̀ náà ò bá sì yé wọn, wọ́n á há a sórí bí ọmọ kéú ṣe ń há ohun tí kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti inú sẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Yúrò kan ń jẹ́ 655.957 sẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ló sì ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999. Àdéhùn ló so wọ́n pọ̀. Náírà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Iye rẹ̀ láàárọ̀ lè yàtọ̀ sí tìrọ̀lẹ́, pàápàá láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi í sílẹ̀ fún ọjà. Kotlin, èdè kóòdù tí Google gbà wọlé fún áàpù Android lọ́dún 2017, ní ọ̀rọ̀ kan fún irú iye kọ̀ọ̀kan: val ni ti èyí tí kò ní yí mọ́ bí a bá ti kọ ọ́, var ni ti èyí tó lè yí. Aláìyípadà àti ayípadà ni mo ń pè wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi 655.957 sí ipò aláìyípadà, tó fi iye náírà tí yúrò kan ń jẹ́ sí ipò ayípadà, ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì láìsí àlàyé gígùn. Bí ó bá wá bi àgbà kan tó wà ní Abidjan ní oṣù kìíní ọdún 1994, àgbà náà á fi kún un fún un: fún ọ̀pọ̀ ọdún, fránkì Faransé kan jẹ́ 50 sẹ́fà, àfi bí wọ́n ṣe jí lọ́jọ́ kan tó di 100, tí owó tí èèyàn tọ́jú sì dín sí ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó Faransé. Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní aláìyípadà, áàpù fúnra rẹ̀ ni kò lè yí i. Ẹni tó kọ áàpù lè padà wá tún un kọ nígbàkigbà. Bí val náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ tí a yá, bí áàpù, fóònù, bọ́tìnì àbí kóòdù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí ní ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fetí sí ohun tó ń sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀: tú nọ́ọ̀tì yẹn, fọ pulọ́ọ̀gì, dè é padà, wò ó bóyá ó ṣì ń jò. Orúkọ ohun èlò, a yá wọn. Tú, fọ, dè, jò, inú ilé la ti mú wọn wá. Èdè ìyá rẹ̀ ni ọmọṣẹ́ fi ń ronú nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyẹn tó fi ń mọṣẹ́ láìka ìwé kankan. Ohun tó yẹ ká fi gbogbo agbára wá fún kóòdù ní Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ìṣe: rán, gbà, pín, tún ṣe, dúró dè, àti bí-ó-bá-jẹ́. Orúkọ ohun èlò lè tẹ̀lé wọn bó bá yá.

Ẹ wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní function. Karounwi Anuoluwapo, ọmọ Nàìjíríà tó ṣe Yorlang, èdè kóòdù tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó sì gbé e ka orí JavaScript, pè é ní iṣẹ́. Nínú Yorlang, sọpé la fi ń ní kí kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ jáde, jẹ́kí la fi ń fún nǹkan lórúkọ, nígbàtí la fi ń ṣe àṣetúnṣe. Inú mi dùn sí gbogbo wọn, àmọ́ iṣẹ́ ló wú mi lórí jù. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ méjì lẹ́nu wa. Ọ̀kan ni iṣẹ́ tí a ń ṣe. Èkejì ni iṣẹ́ tí a ń rán èèyàn. Èkejì yìí ni function gan-an. A ń rán an níṣẹ́, a ń fi ohun tó máa lò lé e lọ́wọ́, ó ń lọ, ó ń ṣe é, ó sì ń jábọ̀. Áàpù sẹ́fà wa ní iṣẹ́ kan tí a lè pè ní ṣẹ́Owó: iye sẹ́fà la fi ń rán an, iye náírà ló ń mú bọ̀.

Yorlang ń lo padà níbi tí iṣẹ́ ti ń mú èsì bọ̀. Èmi ì bá lo jábọ̀. Ẹni tó padà lè padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó jábọ̀ ní ohun tó mú wá, ẹni tó rán an ló sì mú un wá fún. Ohun tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ lórí rú jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí iṣẹ́ kọ èsì sójú fóònù àti kí ó mú èsì náà fún apá kóòdù tó rán an. Mo ti rí àgbàlagbà tó gboyè tí èyí dà láàmú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní Yorùbá, ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Bí ìyá bá rán ọmọ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò gààrí, tí ọmọ dé ọjà tó pariwo iye náà síbẹ̀, tó wá délé tí kò sọ nǹkan kan, gbogbo ilé ló mọ̀ pé kò jábọ̀.

Àwọn àgbà sì ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò ní irú làákàyè yẹn. Bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú náà ló máa jẹ́ ẹ. Ká ní a gbàgbé, a ní kó fi 655.957 sọ iye sẹ́fà di púpọ̀ dípò kó fi pín in kó lè di yúrò, á ṣe bẹ́ẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn, ìyá tó wà nílé á sì rí owó tí ọmọ rẹ̀ ò fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọ òwe yìí á tètè mọ ohun tí kọ̀ǹpútà kù sí, àti ìdí tí iṣẹ́ tí a ń rán an fi gbọ́dọ̀ pé pérépéré.

Níbi bí àti bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní if àti else, mo yà díẹ̀ kúrò lọ́nà Yorlang. Ṣé ló lò, tàbí ló sì fi tẹ̀lé e. Mo gbà pé ìbéèrè ni kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tàbí ní iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró dè é, nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé kí èyí jẹ́ òótọ́ tàbí kí ìyẹn jẹ́ òótọ́. Bí a bá ti ná an síhìn-ín, kí la máa fi ṣe tọ̀hún?

String ńkọ́? Ẹni tó bá pè é ní okùn ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọ̀wọ́ lẹ́tà ni. Iṣẹ́ kékeré kan sì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ kóòdù tètè ṣe: kí ó kọ áàpù tó ń ka iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀. Kí ó tẹ Èjìgbò sí i. Nílé ìwé, È, j, ì, gb, ò, lẹ́tà márùn-ún ni, nítorí pé gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú 25 tí a ní. Kọ̀ǹpútà á ní mẹ́fà ni. Ó ka g lọ́tọ̀, ó ka b lọ́tọ̀. Kí ó wá tẹ Ẹ̀kọ́, tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Á bá márùn-ún. Nínú Unicode, tó jẹ́ àkójọ nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ náà ní, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ tó ru àmì ohùn. Àmì ohùn ń dá dúró, a kàn gbé e lé lẹ́tà lórí ni. Bí fóònù mìíràn bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, Ẹ̀kọ́ kan náà á di méje. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà á ní wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, àfi bí a bá kọ́kọ́ ní kó mú wọn bára dọ́gba. Bí èèyàn bá wá orúkọ ara rẹ̀ nínú áàpù tí kò rí i, bóyá ohun tó fà á nìyí. Ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, torí pé ìṣòro wọn kọ́.

Àwọn kan ní ká má pe bug ní kòkòrò, pé ìtàn àfòpiná tí wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà Harvard lọ́dún 1947 kì í ṣe ìtàn tiwa. Mo ní ká gbà á. A ní òwe: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú kóòdù tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni kòkòrò ń gbé. Ká sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe: àṣìṣe ni èyí tí kọ̀ǹpútà rí tó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kòkòrò ni èyí tí kò rí, tó ń jẹ iṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Dátà ní tirẹ̀ ti di ohun tí a ń rà lọ́wọ́ MTN àti Glo. Ẹ má tún gbé e fún nǹkan mìíràn. Ìsọfúnni tó fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní data nínú kóòdù.

Ẹni tó bá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́, kó bi àwọn ará ilé rẹ̀ tó ti Abidjan dé. Ordinateur ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Jacques Perret, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Látìn, dá lábàá fún ilé iṣẹ́ IBM ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1955. Informatique, orúkọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tẹ̀lé e lọ́dún 1962, láti ọwọ́ Philippe Dreyfus. Àwa náà ti dá tiwa. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá wà lẹ́nu àwọn oníròyìn, àmọ́ ó gùn jù fún ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà lójà. Ayélujára ní tirẹ̀ ti wọlé sára wa: ó kúrú, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ayé. Fífi Yorùbá kọ́ni náà kì í ṣe tuntun: ní Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá lọ́dún 1984, kí àwọn olùkọ́ lè ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi ṣàlàyé gírámà àti lítíréṣọ̀. Ohun tí iṣẹ́ méjèèjì fi jọra ni pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ sẹ́nu olùkọ́ ní kíláàsì, níwájú àwọn ọmọ, lójoojúmọ́.

Lọ́dún 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n sọ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Mi ò tíì rí ohun èlò ìgbàlódé tí wọ́n sọ lórúkọ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ ọpọ́n Ifá ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ara ni Yorùbá mọ. Bí a bá tan ẹ̀rọ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé inú rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ áàpù lónìí ni ti inú.

Apá ibì kan sì wà nínú áàpù tí ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa pátápátá, níbi tí fóònù ti ń bá ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "Tẹ iye owó" síbẹ̀, fóònù ti ń pàṣẹ fún ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Mo ti rí i nínú àwọn áàpù tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, kì í sì í dùn mọ́ mi. Fóònù kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó gbé e dání, nítorí náà kó máa fi ẹ bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀. Ọmọdé kì í bínú pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun. "Ẹ tẹ iye sẹ́fà síbí." Kí akẹ́kọ̀ọ́ tún kíyè sí ìgbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ. "Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀" kò sọ nǹkan kan fún ìyá ju kí àyà rẹ̀ já, kó rò pé owó ti sọnù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Áàpù ránṣẹ́ sórí ayélujára, iṣẹ́ náà kò sì tíì dé. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un: "Mo ránṣẹ́ lọ béèrè iye náírà tòní, kò tíì jábọ̀. Iye àná ni mo fi ṣírò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbìyànjú tó bá ṣe díẹ̀." Kí ó wá kọ ọjọ́ àti aago tí iye àná náà wọlé sí ìsàlẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, torí ojú àgbà.