Ọmọ tí Ara Rẹ̀ Kò Balẹ̀, àti Àwọn Orúkọ tí Ayé Sọ Ọ́

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí ọmọ máa ń gbà nígbà tí ó bá tó ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, tí kì í ṣe bàbá tàbí ìyá ni ó sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo ilé kí ó tó fi í pè é. Olódo ni orúkọ náà. Òdo ni olùkọ́ máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ ẹni tí kò gba ohunkóhun nínú ìdánwò. Ẹni tí ó sì ni òdo ni olódo. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí pé inú ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti bí i. Kí ìwé tó dé, òmùgọ̀ wà, ọ̀lẹ wà, aláìgbọràn sì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kì í fi dandan mú ọmọ jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kí a sì fi ìjókòó náà ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ a máa bá bàbá rẹ̀ dẹ pàkúté, a máa bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà. Èyí kò wí pé a kì í na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. A ń nà á dáadáa, àwọn mìíràn sì ń sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀run ni ó ń dà á láàmú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò tó 500,000 ní ọdún 1954, di ẹni tí ó ju 800,000 lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ohun rere ńlá ni. Ṣáájú àkókò yìí, bàbá tí owó rẹ̀ kò ká ju ọmọ kan lọ a máa yan èyí tí ojú rẹ̀ là jù lọ láti rán lọ sí ilé-ìwé, ìyókù a sì kọjú sí oko. Nísinsìnyí gbogbo wọn lọ pọ̀: èyí tí ń yára gbọ́, èyí tí ń pẹ́ gbọ́, àti èyí tí ń gbọ́ gbogbo nǹkan bí kò ṣe ohun tí olùkọ́ ń wí. Kì í ṣe ìjọba ni ó dá èyí tí ó kẹ́yìn yìí sílẹ̀. Ó kàn mú un wá síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i ni.

Ìlú Òyìnbó pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ọdún 1880 ni òfin ti fi ipá mú gbogbo ọmọdé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ọmọ tí ó gbọ́n tí kò sì mọ̀wé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1896, dókítà kan tí ó ń jẹ́ W. Pringle Morgan, tí ń gbé ní Seaford lẹ́bàá òkun, ròyìn ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá kan tí ó pè ní Percy. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n ènìyàn, ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú eré láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìwé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kéékèèké ni ó ń fi agbára káká kà. Nígbà tí ó fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, ‘Precy’ ni ó kọ, kò sì mọ̀ pé òun ṣìṣe àfìgbà tí a tẹnu mọ́ ọn fún un. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ṣòro fún un rárá, ó sì ń ṣe ìṣirò tí kò rọrùn fún àwọn mìíràn. Olùkọ́ rẹ̀ wí pé ìbá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ni, kì bá sí ẹni tí yóò mọ̀wé jù ú ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Morgan pe àìlera yìí ní ìfọ́jú sí ọ̀rọ̀.

Ti ọmọ tí kò lè jókòó yàtọ̀ sí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo lè ní méjèèjì. Dókítà Alexander Crichton, ará Scotland, ti kọ̀wé ní ọdún 1798 nípa àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró lórí ohun kan. Ní ọdún 1902, George Still, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní London, sọ àsọyé mẹ́ta níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà nípa àwọn ọmọ tí kò lè kó ara wọn níjàánu, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ wọn pé. Ó wí pé àìpé nínú agbára tí ń darí ìwà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ní oore nínú, ó sì ní ìpalára: ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ orúkọ òmùgọ̀, ó sì fi í lé orúkọ oníwàkiwà lọ́wọ́. Ìyá tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òun ti ṣi ọmọ tọ́.

Ìtàn tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni ti ìdílé Bradley ní Amẹ́ríkà. George Bradley jẹ́ ọlọ́rọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun àti aya rẹ̀ sì bí, Emma lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí Emma wà ní ọmọ ọdún méje, àrùn tí ń mú ọpọlọ wú kọlù ú. Kò kú, ṣùgbọ́n kò padà sí bí ó ti wà mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ wá ìwòsàn títí, wọn kò rí i. Kò tilẹ̀ sí ilé kan tí a kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú ní ọdún 1906, ìwé ìpíngún rẹ̀ pàṣẹ pé kí a fi ohun ìní rẹ̀ kọ́ ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọdé, kí a sì fi orúkọ Emma pè é. Ọdún 1931 ni wọ́n ṣí i ní Rhode Island. Níbẹ̀ ni Charles Bradley, ọ̀kan nínú àwọn ìbátan olóògbé náà, ti ń ṣe ìṣègùn. Àyẹ̀wò orí kan wà tí wọ́n ń ṣe nígbà náà, tí wọ́n máa ń fa omi kúrò ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ẹ̀fọ́rí líle sì máa ń tẹ̀lé e. Charles Bradley fún àwọn ọmọ náà ní Benzedrine, oògùn amárayágágá, kí ẹ̀fọ́rí lè dínkù. Ẹ̀fọ́rí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wá sọ fún un pé àwọn ọmọ kan ń jókòó, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn parí. Ó dán an wò lára ọmọ 30, ó sì ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1937: àwọn 14 nínú wọn yí padà lọ́nà ìyanu nínú ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń pè é ní oògùn ìṣirò. Ta ni yóò rò pé ohun tí ń ru agbàlagbà sókè ni yóò mú ọmọ aláìsinmi fara balẹ̀? Ó ju ogún ọdún lọ kí àwọn oníṣègùn mìíràn tó tọ ipa ọ̀nà náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Títí di òní ni àríyànjiyàn sì wà lórí irú ọmọ tí ó yẹ kí a fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí oògùn kò lè ṣe ni àwọn òbí dìde láti ṣe. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1963, wọ́n péjọ ní Chicago láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́. Orúkọ tí ẹgbẹ́ kan ń lò kọ́ ni èkejì ń lò: àwọn kan ń pe ọmọ wọn ní ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa, àwọn mìíràn ní ẹni tí ojú inú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Nítorí pé orúkọ wọn kò ṣọ̀kan, ìjọba kò mọ ẹni tí yóò dá lóhùn. Samuel Kirk, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Illinois, ni wọ́n pè láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn pé orúkọ tí à ń sọ ọmọ lè tẹ́ àwa àgbà lọ́rùn láìṣe ọmọ náà ní àǹfààní kankan. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ yìí ni òun náà wá mú orúkọ kan wá: ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ kíkọ́. Àwọn òbí gba orúkọ náà, wọ́n sì gbàgbé ìkìlọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dìbò láti di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ọ̀lẹ àti olódo yóò fi ayọ̀ gba orúkọ tí kò bú u. Nígbà tí Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, orúkọ tí a mú jáde ní Chicago wà nínú rẹ̀.

Ti àwọn aláìlèjókòó gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1968 ni ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fún wọn ní orúkọ tiwọn, a yí i padà ní 1980, a sì tún un yí padà ní 1987.

Ní Nàìjíríà, ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú pàtàkì. Ní ọdún náà gan-an ni a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń sọ èdè Yorùbá, tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ọmọ rẹ̀ fún olùkọ́, kò ní orúkọ kúkúrú kan tí yóò lò. Gbólóhùn gígùn ni ó ń lò: ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í pa pọ̀ sójú kan, bí a bá rán an níṣẹ́ méjì yóò gbàgbé ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ bi í ní àlọ́ tí a pa lánàá, yóò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.