Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho àti Àgó-Ọjà: Ìlú Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ àti Ìlú Tí Wọ́n Ń Gbé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Ọ̀yọ́ pàdánù olú-ìlú wọn. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n padà síbẹ̀. Nígbà kejì, wọn kò padà mọ́. Ó yẹ kí ìtàn méjèèjì yìí jẹ́ àròjinlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ lásìkò ọdún Ifá pé ayé àtijọ́ nìkan ló dára.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ìgbà Aláàfin Onígbogí ni Arugbá-Ifá, ìyá ọba, gbé Ifá wá sí Ọ̀yọ́. Àwọn ará ìlú kò gbà á, nítorí àjèjì ni ó jẹ́ sí wọn. Ìyá náà gbé igbá Ifá rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn Tápà kógun wọ Ọ̀yọ́, ìlú tú, Onígbogí sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, níbi tí ó kú sí. Ní àtìpó ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ti tún èrò wọn pa, tí wọ́n sì gba Ifá nígbà Ọ̀finràn, ọmọ Onígbogí. Nínú ìtàn yìí, ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àdáyébá lónìí ti fìgbà kan jẹ́ àlejò tí onílé kò ṣílẹ̀kùn fún.

Egunojú, tí ó jọba lẹ́yìn Ọ̀finràn, ni ó tẹ Ìgbòho dó. Òun, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, Ajíbóyèdé àti Abípa ni ọba mẹ́rin tí wọ́n jọba níbẹ̀. Nígbà tí Abípa fẹ́ kó gbogbo ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn tí wọn kò mọ ilé mìíràn ju Ìgbòho lọ ti pọ̀. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ, wọn kò sì lè sọ ọ́ lójú ọba. Wọ́n kó àwọn ẹni òrìṣà, bí àfín àti abuké, ránṣẹ́ sí orí òkè ní ahoro ìlú náà, kí wọ́n máa ké lóru bí ọ̀rọ̀ pé kò sí àyè níbẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba sá padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tú àṣírí náà fún ọba, Abípa rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú “ọ̀rọ̀” wọ̀nyí wá láàyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Wọ́n padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, lẹ́yìn èyí sì ni ìjọba náà gbilẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Àmọ́ Ọ̀yọ́ tí ó padà kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí ó lọ: Ifá tí wọ́n kọ̀ nílé ni wọ́n gbé bọ̀ láti àjò.

Ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Olúewu kú lójú ogun Ìlọrin, Ọ̀yọ́-Ilé sì dahoro. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, ni oyè kàn. Kò padà sókè; Àgó-Ọjà ni ó sọ di Ọ̀yọ́ tuntun. Ó tún oyè àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì tò, ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kí ọwọ́ tí ó lágbára lè máa dáàbò bo ohun tí ó kù. Kì í ṣe ìrọ̀rùn fún gbogbo ènìyàn: tipátipá ni ó fi kó ará àwọn ìlú ìtòsí wá kún Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ìlú náà dúró títí di òní, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó ọba tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́.

Àwọn tí ogun ìgbà náà kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò ní àǹfààní láti yàn bí Abípa tàbí Àtìbà. Wọn kò lè gbé ìlú kọjá òkun, ṣùgbọ́n wọ́n gbé Ifá lọ, wọ́n sì ń bi í ní ọ̀ràn ilẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn.

Kò sí ẹ̀bi nínú ṣíṣàárò ilé. Abípa ṣàárò, ó sì kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń bẹ níbẹ̀ kí ó tó gbéra. Àtìbà wo ogun tí ó yí i ká, ó sì tún ilé ṣe níbi tí ó wà. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ikin àtijọ́ ni wọ́n ń dì mú, ọ̀ràn ọjọ́ òní ni wọ́n ń bi í.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.